Ta Ni Ó Ni Ẹnu Ọmọdé?

Kò sí agbo ilé tí a kò ti lè rí irú ìjà yìí. Ìyá jókòó ti abọ́ ògì tàbí àwo àmàlà, ọmọ ọdún méjì jókòó tì í, ó sì di ẹnu rẹ̀ pinpin. Ìyá bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Ìyá kọrin fún un, kò ya ẹnu. Ìyá fi pàṣán hàn án, ó bú sẹ́kún, òkèlè tí ó ti wà lẹ́nu rẹ̀ tẹ́lẹ̀ sì bọ́ sílẹ̀. Bí ìyá ọkọ bá wà nítòsí, yóò ní, "Gbé e fún mi jàre, ìwọ kò mọ ọmọ bọ́." Bí àbúrò ìyàwó tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga bá wà níbẹ̀, òun yóò ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, Mà. Bí ebi bá pa á, yóò jẹ."

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka ọ̀rọ̀ yìí sí ọ̀rọ̀ ilé ìdáná lásán. Èrò tiwa ni pé ọ̀rọ̀ ìwà ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ sì ni pẹ̀lú. Ẹnu ni ìlẹ̀kùn àkọ́kọ́ tí ọmọ ènìyàn ní agbára láti ṣí tàbí láti tì. Kí ó tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, kí ó tó mọ̀ ọ́n rìn, ó ti mọ bí a ti ń yí ojú kúrò níbi ọmú nígbà tí inú bá kún. Nítorí náà ni a fi ń béèrè pé: ta ni ó ni ẹnu ọmọdé? Ṣé òbí tí ó bí i, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ kí ó tó rí oúnjẹ gbé síwájú rẹ̀ ni? Àbí ọmọ fúnra rẹ̀, tí kò ì tíì mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì? Ó yẹ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa, nítorí pé òbí ni púpọ̀ nínú àwa tí a ń ka ìwé yìí, àwọn yòókù yóò sì di olùkọ́ ọmọ ọlọ́mọ láìpẹ́.

Àwọn tí ó ní kí a fi ipá bọ́ ọmọ

Agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Kí a tó dá àwọn ìyá wa àgbà lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ti ẹnu wọn. Ní ayé ìgbà náà, ọmọ tí kò bá jẹun, ikú ni ó ń bá ṣeré. Ìyá tí ó ti sin ọmọ méjì kò ní fi ọ̀rọ̀ oúnjẹ ọmọ kẹta ṣe àwàdà. Irú ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀ ni ó gbé àṣà rírọ ọmọ ró. Ìyá á tẹ́ ọmọ sí orí itan, á ká ọwọ́ òsì rẹ̀ bí ìdè sí abẹ́ ètè ọmọ, á sì da ògì tàbí àgbo sí i. Bí ọmọ bá kọ̀ láti gbé e mì, á fi ìka dí i ní imú títí yóò fi ya ẹnu láti mí; bí ó bá ti ń mí ni ògì ń wọlé. Àṣà náà wọ́pọ̀ dé ibi pé ní ọdún 1991, àwọn onímọ̀ tẹ èsì ìwádìí kan jáde lórí bí àwọn ìyá ti ń fi ọwọ́ bọ́ ọmọ ní ìpínlẹ̀ Kwara. Títí di òní, ẹni tí ó bá rìn dé àwọn agbo ilé wa kò ní pẹ́ rí ibi tí wọ́n ti ń rọ ọmọ.

Àwíjàre mẹ́ta ni wọ́n ní. Èkíní ni pé ọmọdé kò mọ ohun tí ó dára fún un. Bí a kò bá béèrè èrò rẹ̀ nígbà tí ó bá ń rákò lọ sídìí iná, tí a kò sì béèrè nígbà tí a bá gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, èéṣe tí a ó fi béèrè nígbà tí oúnjẹ bá délẹ̀? Èkejì ni pé oúnjẹ kì í ṣe ohun ìṣeré. Ọmọ tí ó ń ti àsáró sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tí ọmọ aládùúgbò ń sùn lébi, ìwà àìmoore ni ó ń kọ́. Ẹ̀kẹta ni pé kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò. Ọmọ tí a bá gbà láàyè láti ṣa oúnjẹ jẹ lónìí, yóò ṣa iṣẹ́ ṣe lọ́la, yóò sì ṣa ọ̀rọ̀ àgbà gbọ́ lọ́tùn-ún-la.

Àwọn àwíjàre wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ìyá kan jáwọ́ nínú fífi ipá bọ́ ọmọ gbọ́dọ̀ dá a lóhùn lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ohun tí ara ọmọ mọ̀

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí èkíní. Òtítọ́ ni pé ọmọdé kò mọ ohun tí ó wà nínú oúnjẹ. Kò mọ̀ pé ẹ̀wà ń mú ara dàgbà, kò mọ̀ pé mínírà kò ní láárí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó mọ̀ ju ìyá rẹ̀ lọ: ó mọ ìgbà tí inú òun kún.

Ọmọ tí ó bá wọn kílò 3 ní ọjọ́ ìbí, bí ara rẹ̀ bá dá ṣáṣá, yóò wọn nǹkan bí kílò 9 nígbà tí ó bá pé ọdún kan. Ìlọ́po mẹ́ta nìyẹn. Ní ọdún kejì, ohun tí yóò fi kún un kò ju nǹkan bí kílò 2 sí 2½ lọ. Ara tí ń sáré tẹ́lẹ̀ ti ń rìn jẹ́jẹ́ báyìí. Nígbà tí ilé bá ń gòkè, ojoojúmọ́ ni a ń pọn omi tí a ń po amọ̀. Nígbà tí ó bá ku kìkì ìrẹ́lé, ta ni yóò tún máa pe omi bẹ́ẹ̀? Ọ̀pọ̀ ìyá ni ó ń rí i pé ọmọ tí ó ń jẹ tán nígbà tí ó wà ní oṣù mẹ́wàá kò fẹ́ jẹ àjẹtán mọ́ nígbà tí ó lé ní ọdún kan, tí ó sì ń rò pé àìsàn tàbí àìgbọràn ni. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kò sí èyí tí ó ṣe é nínú méjèèjì. Ohun tí ara rẹ̀ ń béèrè ni ó dínkù.

Ọ̀ràn kejì ni ti oúnjẹ àjèjì. Láti nǹkan bí ọdún méjì títí dé ọdún mẹ́fà ni ìbẹ̀rù oúnjẹ tí ọmọ kò rí rí máa ń lágbára jù lọ nínú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan rò pé ààbò ni, nítorí pé ìgbà náà ni ọmọ ti ń dá rìn lọ sí ẹ̀yìnkùlé, bí ó bá sì ń fi gbogbo ewé àti èso tí ó bá rí sẹ́nu, kò ní pẹ́ jẹ májèlé. Láti ọjọ́ tí a ti bí ọmọ ni ahọ́n rẹ̀ ti fẹ́ adùn, tí ó sì ti ń sá fún ìkorò. Kí ni ó wá yà wá lẹ́nu bí ọmọ tí ó ń bẹ̀bẹ̀ fún dòdò bá ń sá fún ewúro?

Ìbẹ̀rù yìí kì í sì í ṣe ti títí ayé. Ní ọdún 1982, Leann Birch àti ẹnì kejì rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ ọdún méjì tí wọ́n fún ní èso àti wàràkàṣì oríṣìíríṣìí tí wọn kò jẹ rí. Wọ́n fún wọn tọ́ àwọn kan wò ní ìgbà 2, òmíràn ní ìgbà 5, òmíràn ní ìgbà 10, títí dé ìgbà 20. Bí ọmọ ti tọ́ ọ̀kan wò tó ni ó fẹ́ràn rẹ̀ tó. Ẹ rántí pé àwa kì í sábà fún ọmọ ju ìgbà méjì tàbí mẹ́ta lọ kí a tó kéde fún ará ilé pé, "Eléyìí kì í jẹ ẹ̀fọ́." Orúkọ tí a bá sọ ọmọ ni ó ń jẹ́; bí a bá ti sọ ọ́ ní ẹni tí kì í jẹ ẹ̀fọ́, kò ní jẹ ẹ́.

Ipá àti ọ̀nà ọ̀fun

Àwọn àgbà kan náà ni ó sọ pé ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Wọ̀bìà ni a sábà máa ń pa òwe yìí fún, ṣùgbọ́n ó bá ọmọ tí a ń rọ mu ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ihò tí oúnjẹ ń gbà àti ihò tí èémí ń gbà sún mọ́ ara wọn lọ́fun. Nígbà tí a bá dí ọmọ ní imú, tí ó sì ń sunkún, èémí tí ó ń fà lè fa ògì lọ sí inú ẹ̀dọ̀fóró. Èyí lè pa ọmọ lẹ́sẹ̀ kan náà, ó sì lè di òtútù àyà lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, tí a ó máa wá ẹni tí ó fi ọwọ́ burúkú kan ọmọ kiri àdúgbò.

Ká tilẹ̀ ní ògì kì í ṣìnà rárá, ọ̀ràn kan ṣì kù. Kí ni ọmọ ń kọ́ lórí itan yẹn? Ó ń kọ́ pé ẹni tí ó bá tóbi jù mí lọ lè fi ohun tí ó bá wù ú sínú ara mi, ẹkún mi kò sì já mọ́ nǹkan. Ọmọbìnrin tí a bá fi èyí kọ́ láti kékeré, ojú wo ni a ó fi wò ó nígbà tí ó bá bàlágà, tí a ó sì sọ fún un pé kí ó kọ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ fi ọwọ́ kàn án lọ́nà tí kò tọ́? Ọmọkùnrin tí a bá sì fi kọ́, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé ìfẹ́ àti ipá kì í gbé inú ilé kan náà? A kò sọ pé gbogbo ọmọ tí a rọ ni ó bàjẹ́. Àwa gan-an, wọ́n rọ púpọ̀ nínú wa. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìṣe náà kò bá ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ kọ́ wọn mu.

Ẹ tún wo ohun tí àwa Yorùbá ń ṣe sí ẹnu àgbàlagbà. Bí àlejò bá ní, "Ẹ má bínú, a kì í jẹ ẹ́ ní ìdílé wa, èèwọ̀ ni," ta ni yóò tún fi ipá fi í sí i lẹ́nu? A ó gbé e kúrò, a ó sì wá nǹkan mìíràn fún un. Bí ó tilẹ̀ sọ pé ara òun ni kò gbà á, a ó gbà fún un. A mọ̀ pé olúkúlùkù ni ó ní orí tirẹ̀, a sì mọ̀ pé ohun tí ó bá ara ẹnìkan mu lè má bá ti ẹlòmíràn mu. Kí ni ó wá dé tí ẹnu àgbà fi ní ìlẹ̀kùn, tí ti ọmọdé sì di ihò lásán?

Àwọn tí ó fi iná àti abẹ́rẹ́ ṣe àpẹẹrẹ ń kọ́? Òótọ́ ni pé a kì í béèrè lọ́wọ́ ọmọ kí a tó fà á kúrò nídìí iná. Ṣùgbọ́n ewu iná kò dúró de ẹnìkan, kò sì sí ọ̀nà mìíràn ju kí a fà á lọ. Ọmọ tí kò jẹ àmàlà ní ọ̀sán, ẹ̀kọ alẹ́ ń bọ̀. Lẹ́yìn èyí, kò pọn dandan kí ọmọ fẹ́ràn abẹ́rẹ́. Bí ó bá ti wọlé, ó ti ṣiṣẹ́ rẹ̀. Oúnjẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Ojoojúmọ́ ayé rẹ̀ ni yóò máa jẹ ẹ́, bí ó bá sì kórìíra rẹ̀ nítorí ẹkún tí ó sun lórí rẹ̀, ipá ọjọ́ kan ti ba ọ̀pọ̀ ọdún jẹ́.

Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ pàápàá kì í ṣe oògùn rẹ̀. Ní ọdún 1984, Birch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé àwọn ọmọ tí a ṣe ìlérí ẹ̀bùn fún kí wọ́n lè mu ohun mímu kan kò fẹ́ràn rẹ̀ tó ti ìṣáájú mọ́ lẹ́yìn náà. Ọmọdé gbọ́n. Bí a bá ní, "Jẹ ẹ̀fọ́ yìí kí n fún ọ ní súìtì," ohun tí ó gbọ́ ni pé súìtì ni oúnjẹ, ẹ̀fọ́ ni ìyà tí a ń jẹ kí a tó dé ibẹ̀.

Àwọn tí ó ní kí a fi ọmọ sílẹ̀

Bí ipá kò bá dára, ṣé kí ọmọ máa jẹ ohun tí ó bá wù ú ni? Àwọn kan gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fẹ́ràn láti tọ́ka sí iṣẹ́ Clara Davis, oníṣègùn ọmọdé ní Amẹ́ríkà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní ọdún 1928, ó sì ṣe àkópọ̀ rẹ̀ ní ọdún 1939. Ó kó àwọn ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú jọ, gbogbo wọn jẹ́ 15, ó gbé oríṣìíríṣìí oúnjẹ síwájú wọn, ó sì jẹ́ kí wọ́n máa mú èyí tí ó bá wù wọ́n. Olùtọ́jú kò gbọdọ̀ rọ ẹnikẹ́ni, kò gbọdọ̀ yìn, kò sì gbọdọ̀ bá wí. Àwọn ọmọ náà dàgbà, ara wọn sì dá. Ọ̀kan nínú wọn tí egungun rẹ̀ rọ̀ láti ilé ń mu epo ẹja, títí egungun rẹ̀ fi le. Lẹ́yìn náà, kò tún bìkítà fún epo náà mọ́.

Ṣùgbọ́n ibi kan wà nínú ìtàn náà tí wọ́n sábà máa ń fò. Davis fúnra rẹ̀ sọ pé inú oúnjẹ tí òun tò kalẹ̀ ni ọgbọ́n náà wà. Oúnjẹ tí ó lé ní 30 ni: ẹran, ẹja, ẹyin, wàrà, èso, ewébẹ̀ àti ọkà. Kò sí ṣúgà níbẹ̀, kò sí bisikíìtì, kò sí nǹkan alágolo. Ọmọ ni ó mú, àgbà ni ó tò ó.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti ka ìtàn ẹ̀kọ́ yóò rántí John Locke àti Rousseau, tí ọ̀rọ̀ wọn kì í sábà dọ́gba. Nínú ìwé tí Locke kọ ní 1693 lórí títọ́ ọmọ, ó ní kí a má fún ọmọ ní ohun tí ó bá ń sunkún béèrè. Bí ó bá ní ebi ń pa òun láàárín oúnjẹ méjì, kí a fún un ní búrẹ́dì lásán, nítorí pé bí ebi bá ń pa á lóòótọ́, yóò jẹ ẹ́. Rousseau, nínú Émile tí ó jáde ní 1762, ní kí a jẹ́ kí ọmọ jẹ bí ó ti fẹ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí oúnjẹ rẹ̀ bá ti jẹ́ ti gbogbo ayé, tí kò ní àlà-kálà nínú. Ẹni tí ó le àti ẹni tí ó rọ̀ pàdé níbì kan: àgbà ni ó ń pinnu ohun tí ó wọ inú ilé.

Ilé tí bisikíìtì, índómì àti mínírà kún inú rẹ̀, tí a sì sọ fún ọmọ pé kí ó yàn, òmìnira kọ́ ni a fún un. Ẹni tí ó ń tà wọ́n ti bá a yàn. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá tí ó ń dá ìkòkò mẹ́ta kaná ní alẹ́ kan, ọ̀kan fún bàbá, ọ̀kan fún àwọn ẹ̀gbọ́n, ọ̀kan fún ẹni tí kì í jẹ ilá, ó ti di ẹrú nínú ilé ara rẹ̀. Ọmọ tí ó ń wò ó sì ń kọ́ pé wàhálà ẹlòmíràn kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìfẹ́ inú òun.

Pípín iṣẹ́

Ní àwọn ọdún 1980, Ellyn Satter, onímọ̀ oúnjẹ ní Amẹ́ríkà, gbé ìlànà kan kalẹ̀ tí ó rọrùn láti rántí. Iṣẹ́ òbí ni láti pinnu ohun tí a ó jẹ, ìgbà tí a ó jẹ ẹ́, àti ibi tí a ó ti jẹ ẹ́. Iṣẹ́ ọmọ ni láti pinnu bóyá òun yóò jẹ, àti bí yóò ti pọ̀ tó. Ẹni tí ó bá bọ́ sí iṣẹ́ ẹnì kejì ni ó ń dá ìjà sílẹ̀.

Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá kò ní pe èyí ní àjèjì ọgbọ́n. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Orí pẹpẹ ni oúnjẹ wà. Àgbà ni ọwọ́ rẹ̀ tó o, òun ni ó mọ ohun tí ó yẹ ní sísọ̀ kalẹ̀. Inú ọmọ ni kèrègbè. Kò sí ọwọ́ àgbà tí ó lè wọ ibẹ̀ láti mọ bí ó ti kún tó.

Nínú ilé, ohun tí èyí túmọ̀ sí kò le. Ìkòkò kan ni a ó sè, ṣùgbọ́n a ó rí i pé ohun kan tí ọmọ mọ̀ wà níbẹ̀. Bí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ bá ṣe àjèjì sí i, ẹ̀kọ tí ó mọ̀ yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Díẹ̀ ni a ó bù fún un, kí ó lè béèrè sí i. A kò ní fún un ní ohun pápánu láàárín oúnjẹ méjì, kí ebi lè bá a dé ìdí àwo. A ó jókòó jẹun pẹ̀lú rẹ̀, nítorí pé ọmọ tí kò rí bàbá rẹ̀ kí ó jẹ ewédú rí kò ní gbà pé ewédú dára. Bí ó bá fi ọwọ́ kan oúnjẹ, tí ó gbóòórùn rẹ̀, tí ó sì gbé e sílẹ̀, a kò ní pariwo, a kò sì ní ṣe é ní ẹlẹ́yà. Nígbà tí ó bá tó nǹkan bí ìdajì wákàtí, a ó palẹ̀ mọ́. Ebi díẹ̀ láti ọ̀sán di alẹ́ kì í pa ọmọ tí ara rẹ̀ dá.

Ibí ni a ti lè dá àwíjàre kẹta lóhùn, èyí tí ó ní ọmọ tí ó ń ṣa oúnjẹ jẹ yóò di aláìgbọràn. Ìwà kò sí nínú kí inú ọmọ kún tàbí kí ó má kún. Inú bí ó ti ń kọ̀ ni ìwà wà. Ọmọ kò gbọdọ̀ da oúnjẹ nù, kò gbọdọ̀ pòṣé sí ohun tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ bú ẹni tí ó sè é. Ó gbọdọ̀ kọ́ bí a ti ń sọ pé, "Mo yó, ẹ ṣeun, Mà." Lórí èyí, kí òbí má ṣe gba gbẹ̀rẹ́. Bí ó bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá a wí, kí ó fi òsì fà á mọ́ra.

Ẹ jẹ́ kí a tún rántí pé nínú èdè wa, àjẹkì ni orúkọ ẹni tí kò mọ ìgbà tí òun yó. Àwọn bàbá wa kórìíra rẹ̀. Ọmọ tí a sì ń fi ipá bọ́ lẹ́yìn tí ó ti yó, kí ni a ń kọ́ ọ bí kò ṣe pé kí ó má fetí sí inú rẹ̀ mọ́? A ń fi ọwọ́ ara wa tọ́ àjẹkì, a sì ń pè é ní ẹ̀kọ́.

Ilé tí kò sí

Ẹnìkan lè wí pé, "Ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ni èyí. Ilé tí ó jẹ́ pé ẹ̀kọ àárọ̀ nìkan ni ó dá wọn lójú, ọmọ wo ni yóò sọ pé òun kò jẹ?" Ìbéèrè yìí wúwo ju gbogbo àwọn tí ó ti kọjá lọ, nítorí pé ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ìdáhùn wa ni pé òṣì lè dín ohun tí ó wà lórí pẹpẹ kù, ṣùgbọ́n kò sọ ọwọ́ àgbà di ohun tí ó lè wọ kèrègbè. Bí oúnjẹ bá ṣọ̀wọ́n, ìdí púpọ̀ sí i nìyẹn láti bù ú díẹ̀díẹ̀, kí èyí tí ọmọ kò jẹ má baà ṣòfò. Lẹ́yìn náà, kí a bi ara wa léèrè ohun tí ọmọ ń kọ̀. Ní ọdún 1933, Cecily Williams, oníṣègùn obìnrin kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, ilẹ̀ tí a ń pè ní Ghana láti ọdún 1957, kọ̀wé nípa àìsàn kan tí ó ń wú ọmọ lẹ́sẹ̀, tí ó ń sọ irun rẹ̀ di pupa, tí ó sì ń pa á. Ní 1935, ó lo orúkọ tí àwọn Gà ń pe àìsàn náà: kwashiorkor. Ọmọ tí àbúrò lé kúrò lẹ́nu ọmú, tí ó wá ń jẹ ògì àgbàdo nìkan, ni ó sábà máa ń ṣe. Ara àmì àìsàn yìí sì ni pé oúnjẹ kì í wu ọmọ náà jẹ. Ìyá á máa rọ̀ ọ́ ní ògì sí i, bẹ́ẹ̀ ògì nìkan kò lè gbà á.

Ibí ni ẹ̀bi ti padà sọ́dọ̀ àwa àgbà. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, a ń fi ipá rọ ọmọ ní ògì, ṣùgbọ́n a kì í fún un ní ẹyin, a ó sì fi ẹran sẹ́nu bàbá nítorí pé ọmọ tí ó bá ń jẹ ẹran yóò di olè. Ọmọ kọ ohun tí a ń fún un, a nà án. Àwa kọ ohun tí ara rẹ̀ ń béèrè, a pè é ní títọ́ ọmọ. Ta ni aṣajẹ nínú àwa méjèèjì? Ẹ̀wà lílọ̀ tí a pò mọ́ ògì, edé gbígbẹ, ẹ̀pà lílọ̀ kúnná, epo pupa díẹ̀, wàrà tí àwọn Fúlàní ń kiri tà ní àdúgbò wa, àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ rírọ̀: kò sí èyí tí ó jẹ́ ti ọlọ́rọ̀ nìkan nínú wọn. Ọmú ìyá nìkan ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ máa mu fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, kí oúnjẹ tí ó ní láárí wá kún un, kí ọmú sì wà títí dé ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

A kò sì gbọdọ̀ pe gbogbo kíkọ̀ ní àṣà ọmọdé. Ọmọ tí ó ń rù, tí ara rẹ̀ gbóná, tí ó ń bì, tí ó ń yàgbẹ́ gbuuru, tí egbò wà lẹ́nu rẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, tàbí tí oúnjẹ ń há lọ́fun nígbà gbogbo, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ. Ẹni tí ó bá ń bọ̀wọ̀ fún ẹnu ọmọ ni yóò tètè mọ̀ ọ́n nígbà tí ẹnu náà bá ń ké fún ìrànlọ́wọ́. Ẹni tí ń rọ ọmọ kò lè mọ̀ ọ́n, nítorí pé ó ti dí ibi tí ọ̀rọ̀ ìbá gbà jáde.

Sí àwọn olùkọ́ ọ̀la

Ní ọdún 2016, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan láti máa fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ní oúnjẹ ọ̀sán. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́léósinmi náà ń bọ́ ọmọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ìwé ẹ̀rí níhìn-ín, ọwọ́ yín ni àwo yóò bọ́ sí. Ẹ ó rí ọmọ tí ó tẹjú mọ́ ẹ̀wà tí kò jẹ. Pàṣán yóò wà nítòsí, àwọn ọmọ 40 mìíràn yóò sì máa wo ohun tí ẹ ó ṣe.

Ẹ jókòó tì í. Ẹ bù díẹ̀ jẹ níṣojú rẹ̀. Ẹ má ṣe na ọmọ nítorí ohun tí kò gbé mì, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ. Bí ó bá da àwo nù, ẹ bá a wí. Bí ó bá ṣeun tí ó sì gbé e sílẹ̀, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀la ni ẹ ó tún gbé e wá.

Ìdáhùn wa sí ìbéèrè tí a fi ṣe orí ọ̀rọ̀ nìyí: ọmọ ni ó ni ẹnu rẹ̀. Òbí àti olùkọ́ ni ó ni pẹpẹ, ẹrù pẹpẹ sì tó gbé. Bí a bá gbé ohun tí ó dára sí orí rẹ̀, tí a sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní àsìkò, tí a sì bá ọmọ jẹ ẹ́ pẹ̀lú ojú rere, a ti ṣe ìpín tiwa nínú iṣẹ́ náà. Èyí tí ó kù, kí a fi sílẹ̀ fún ẹni tí ó ni kèrègbè.